Owó kékeré tó yẹ kó dé ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ń ka ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn alága káńsù pẹ̀lú àwọn ọlọ́lá ìlú náà ń kà á. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀: kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò, kí owó náà sì dé ọwọ́ wọn tààrà, láìgba ọwọ́ kọ̀ǹtírákítọ̀ kankan, láìpàgọ́, láìpe onílù.

Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Èmi àti olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ là ń mójú tó ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ fúnra wọn dá sílẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, láti ọmọ ọdún 13 títí dé 19. Púpọ̀ nínú wọn ló ń hun aṣọ òfì nílé tí wọ́n bá ti ibi ẹ̀kọ́ dé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Sátidé nìkan la lè rí gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ kan tí bàbá ọ̀kan nínú wọn yọ̀ǹda: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ata rodo. Tó bá tó àsìkò, wọ́n tún máa ń ṣe àáró káàkiri oko àwọn òbí wọn. Bí òjò bá ń rọ̀, kò séwu. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń pọn omi láti odò, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú, nígbà tí oṣù Kìíní bá fi máa parí, gbogbo ebè á ti gbẹ.

Ọmọ ìlú wa kan, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ọba, gbọ́ nípa wọn lẹ́nu ìyá rẹ̀ tó máa ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó fi ₦180,000 ránṣẹ́. Nǹkan méjì péré ló ní ká ṣe: kí àwọn ọmọ fúnra wọn pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe, kí a sì ya fọ́tò gbogbo rìsíìtì ránṣẹ́ sí òun.

Olóòtú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn kan ní jẹ́sì bọ́ọ̀lù ló kàn, àwọn kan ní adìẹ ni. Ẹnu ń yún mi láti dá sí i, mo sì pa á mọ́. Ní Sátidé kẹta, ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ adìẹ, ta ló máa pọnmi fún adìẹ?" Gbogbo wọn dákẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò sórí páńpù. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà, ₦95,000. Rọ́bà omi gba ₦38,000, àgbá ńlá méjì gba ₦36,000, owó ọkọ̀ ₦6,000. Wọ́n fi ₦5,000 tó ṣẹ́kù pamọ́ fún epo bẹntiróòlù.

Ẹ ò bá rí ìwé tí akápò wọn ń kọ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìwé lásán ni, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ti fi rúlà àti bírò pupa fa ilà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò ní ohun tó lè fi kan rìsíìtì mọ́ ìwé, ló bá mú abẹ́rẹ́ pẹ̀lú òwú òfì, ó rán rìsíìtì kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ewé tó jẹ́ tirẹ̀. Àwọ̀ òwú yìí ń dá lórí ohun tí wọ́n fi owó rà: búlúù fún omi, funfun fún ọkọ̀, pupa fún irúgbìn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, tí ẹ̀fọ́ ti wọ́n bí ojú, àwọn ọmọ yìí ní ewédú tútù lórí ebè. Nínú èrè wọn ni wọ́n ti san owó WAEC ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí òbí wọn kò rí i san.

Nígbà tí mo pe aṣojúure wọn yìí láti dúpẹ́, ó ní ohun tí òun ń rí níbi tí òun ń gbé ló fún òun lérò. Ó ní níbẹ̀, apá kan nínú owó tí àwọn ènìyàn fi ń ta tẹ́tẹ́ National Lottery ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ètò kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Awards for All, tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní owó láti orí £300 títí dé £20,000. Wọn kì í ní kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ bí iléeṣẹ́ àánú. Wọ́n á ní kí ẹgbẹ́ ní ìwé òfin tirẹ̀, kó sì ní àkáǹtì ní báǹkì tí ó kéré tán ẹni méjì tí kò bá ara wọn tan ń fọwọ́ sí. Mo ní kó tún un sọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ohun tí ojú wa ti rí. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, a ti gbọ́ nípa owó ìrànwọ́ kan, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní gíráǹtì, a sì lọ gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní kaféè. Ojú ewé mẹ́tàlélógún. Wọ́n ń béèrè àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́ta tí ayẹ̀wéowówò ti fọwọ́ sí. Wọ́n ń béèrè ìwé ẹ̀rí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Akápò wa bi mí pé, "Màmá, kí ló ń jẹ́ theory of change?" Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ ṣe máa mú àyípadà wá ni wọ́n ń béèrè, ó sì ń fi ojú bá mi lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti rò lọ́kàn rẹ̀ pé nǹkan yìí kì í ṣe tàwọn. Ìwé CAC yìí fúnra rẹ̀, CAMA, òfin ọdún 2020 tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, a sì gbọ́dọ̀ polówó orúkọ ẹgbẹ́ sínú ìwé ìròyìn méjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Owó tí a máa ná sórí ìyẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó páńpù.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti gbìyànjú. Ní ọdún 2020, wọ́n kéde ₦75 bílíọ̀nù fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Ẹ̀yáwó ni, fún ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò, ìyẹn sì dára ní ipò tirẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń gbìn ewédú kò lè yá owó, kò sì yẹ kó jẹ gbèsè. Ní ti ètò ìrónilágbára tí àwọn olóṣèlú ń ṣe, mo ti jókòó níbi irú rẹ̀ kan, tí wọ́n ti pín ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn ọ̀dọ́, tí fọ́tò ẹni tó pín in sì wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn ọmọ náà bóyá ata ni wọ́n fẹ́ lọ̀. Kí oṣù tó parí, mo ti rí méjì nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lọ́jà, wọ́n ń tà wọ́n.

Owó kékeré ní àǹfààní kan tí owó ńlá kò ní. Tó bá jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù lẹ gbé fún ẹgbẹ́ wa lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, àwọn àgbàlagbà tí a kò rí rí á ti di bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́, a ó sì máa wá àwọn ọmọ tì. ₦200,000 kò tó ohun tí wọ́n máa torí rẹ̀ jà, ó sì tó kí àwọn ọmọ fi fa omi dé oko. Wọ́n lè kà á tán, wọ́n lè jiyàn lé e lórí, bí wọ́n bá sì ná an ní ìnákúnàá, ohun tó bàjẹ́ kò ní pa ẹgbẹ́.

Ní 1902, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, A. B. Graham, kó àwọn ọmọ àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́, ó sì wá irúgbìn àgbàdo fún wọn láti lọ gbìn wò nínú oko òbí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn orísun 4-H, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà, nìyẹn. Ọdún 1914 ni wọ́n tó ṣe òfin Smith-Lever níbẹ̀, èyí tó fi owó ìjọba ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ti wà lóko kí ìjọba tó bá wọn níbẹ̀, bí àwọn tiwa náà ṣe wà lóko báyìí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: wọ́n á jí owó. Kò ní ṣàìṣẹlẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ kan tí a rán lọ ra ajílẹ̀ kò mú ajílẹ̀ bọ̀, kò sì mú ₦14,000 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń sá fún wa. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé oògùn àbúrò òun ni òun fi rà. Mo fẹ́ fi owó ara mi dí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kó máa san ₦500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì kọ òfin tuntun sínú ìwé pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ lọ sọ́jà fún ẹgbẹ́ mọ́. Ó san án tán. Òun ló ń bójú tó páńpù báyìí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan. Bí káńsù kan bá ya ₦10 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ lọ́dún, tí kò sì fún ẹgbẹ́ kankan ju ₦250,000 lọ, ogójì ẹgbẹ́ nìyẹn. Èyí tí kò bá lágbára tó bẹ́ẹ̀ lè fi ogún ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ má ju ojú ewé méjì lọ, kó sì wà ní èdè Yorùbá. Kí ẹgbẹ́ ti lo ọdún kan ó kéré tán, kí olùkọ́, pásítọ̀ tàbí àlùfáà kan ládùúgbò jẹ́rìí sí i. Ẹ fún wọn ní ìdajì, ẹ lọ fojú rí ohun tí wọ́n fi ṣe, kí ẹ tó fún wọn ní ìdajì yòókù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lẹ orúkọ ẹgbẹ́ àti iye tí wọ́n gbà mọ́ ara ògiri káńsù àti ààfin, kí ẹ sì kà á lórí rédíò, kí màmá tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà lè bi àwọn ọmọ léèrè owó náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà lókèèrè náà, ẹ má dúró de káńsù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín nílé, wọ́n mọ àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́.

Bí alága káńsù kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni mo sọ, kó rán ẹnì kan sí wa. Sátidé ni a máa ń pàdé, aago mẹ́jọ àárọ̀. Kó sọ fún akápò wa pé òun fẹ́ rí ìwé owó, á sì gbé e jáde, tòun ti òwú búlúù, funfun àti pupa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan, Ìsẹ́yìn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́