Iṣẹ́ tó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́: wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ tó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ó wúlò, àmọ́ gbogbo iṣẹ́ tí kò làágùn lẹ pè ní iṣẹ́ ìrọ̀rùn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, ìdí ẹ̀rọ ìgbowó ni mo máa ń jókòó sí nínú ilé ìtajà kan. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ṣe? Àmọ́ alẹ́ Sátidé ni ọ̀gá wa tó máa ń lẹ ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́ ògiri, bó bá sì ti wù ú ló ń yí i padà. Ìdánwò sítátísíìkì mi ku ọ̀la, ó ní kí n wá jókòó títí di aago 11 alẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní bí n kò bá wá, kí n kúkú má wá mọ́. Mo lọ. Máàkì tí mo gbà kò ṣeé fi han ìyá mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo bọ́ sí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa. Owó ibẹ̀ kéré sí ti ilé ìtajà yẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ti kẹ̀kẹ́ ìwé tí wọ́n dá padà kiri, kí n sì to ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ bí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe wí. 519.5 ni nọ́ńbà ìwé sítátísíìkì. Kò pẹ́ tí mo fi mọ èyí tí àwọn èèyàn ń yá jù níbẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òun ni mo fi tún ìdánwò náà ṣe. Alábòójútó wa kì í sì í ṣètò iṣẹ́ kí wọ́n tó gba ìwé àkókò ìdánwò lọ́wọ́ kálukú wa. Èmi, ìyẹn ni mo pè ní ìrọ̀rùn.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wà lára pátákó ìkéde. Ẹ wá àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ní yàrá kọ̀ǹpútà tàbí ní ẹnu ọ̀nà ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa kúrò. Àyè wọn máa ṣófo dandan.

Ẹni tó ń kàwé nílẹ̀ òkèèrè tún ní ti òfin láti rò. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fàyè gba ẹni tó fi físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, wọlé láti fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ní Ọsirélíà, wákàtí 48 ni láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kánádà sọ tirẹ̀, fún iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́, di wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹni tó bá kọjá ààlà lè pàdánù físà rẹ̀.

Ẹ ò sì mẹ́nu ba àwọn gbájúẹ̀. Wọ́n fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí a jọ ń gbé yàrá, fún iṣẹ́ tó lè máa ti orí bẹ́ẹ̀dì ṣe. Wọ́n ní kó yọ tirẹ̀, kó fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ta irinṣẹ́ fún un. Owó yọjú nínú àkáǹtì rẹ̀ lóòótọ́, ó sì fi ìyókù ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, báǹkì ní ayédèrú ni sọ̀wédowó náà, wọ́n sì fa owó wọn yọ pátá. Òun ló jẹ gbèsè.

Bí ẹ bá tún máa to irú iṣẹ́ wọ̀nyí jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ owó rẹ̀: ta ló ń ṣètò àkókò, ọjọ́ mélòó ṣáájú sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ̀?

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ti to ìwé rí