Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Aṣọ Àgbómẹ̀ tí mo rà fún ọ

Ajárá,
Àgbádárìgì.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Ilé ni mo wà báyìí, iléèwé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) ti gba ọlidé. Màmá mi kí ọ púpọ̀.

Mo ra nǹkan kan fún ọ, nǹkan náà sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé yìí.

O mọ̀ pé mi ò lè máa jókòó ti ìwé Faransé látàárọ̀ dalẹ́. Mo lọ sí Àgbómẹ̀, ìlú àwọn ọba Dànhọ̀mì. Mo wo ààfin wọn, èyí tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1985, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ ni mo pẹ́ sí. Aṣọ tiwọn kì í ṣe wíwọ̀, ara ògiri ni wọ́n ń fi kọ́. Wọ́n á fi páálí gé àwòrán ẹranko, wọ́n á tẹ páálí yẹn lé aṣọ pupa tàbí funfun, wọ́n á gé e, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ wọnú, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ aṣọ dúdú tàbí aláwọ̀ ìyeyè. Iṣẹ́ ọkùnrin ni láti ayé àwọn ọba. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọba tó ni ín: ẹfọ̀n ni ti Gezo, kìnnìún ni ti Glélé ọmọ rẹ̀, ẹja àkùrakùdà ni ti Béhanzin, ẹni tó bá àwọn Faransé jagun títí wọ́n fi gbé e lọ sí Martinique.

Owó gọbọi ni wọ́n ń pè é lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ni mo bá wọ inú àdúgbò lọ. Mo ki èdè Ẹ̀gùn bọnu. Fọ̀n ni tiwọn, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé tó ẹni ń nájà. Bàbá náà pè é ní 20,000 sẹ́fà, mo dá 10,000, ó bú sẹ́rìn-ín, a parí ẹ̀ sí 13,000. (Bó o bá ń ra irú ẹ̀, yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ kì í tò gún bíi ti máṣíìnì.)

Ẹfọ̀n ni mo kọ́kọ́ mú. Ó rẹwà! Mo ti ń ka owó nígbà tí mo rántí pé ọmọ Ẹ̀gbá ni ọ́. Gezo yìí ló kó ọmọ ogun tọkùnrin-tobìnrin wá bá Abẹ́òkúta ní 1851. Glélé náà tún dán an wò ní 1864. Ẹ̀gbá lé àwọn méjèèjì padà. Ṣé kí n wá gbé ẹranko Gezo sí ògiri rẹ? Mo dá ẹfọ̀n padà, mo mú ẹja Béhanzin.

Màmá mi ní àṣejù ni mo ṣe, pé ẹni tó ṣẹ́gun gan-an ló yẹ kó gbé ẹranko ọ̀tá kọ́ sí pálọ̀. Àbúrò mi ní inú ọbẹ̀ ni ẹja ń gbé. Lójú tèmi, Béhanzin ló yẹ ẹni tó ń gbé láàárín òyìnbó.

Àjàṣẹ́ fúnra ẹ̀ dùn ún rìn. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́; o máa búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ẹ̀gbọ́n kan láti àdúgbò wa ń bọ̀ ní Toronto ní oṣù Kejìlá, wọ́n á bá mi mú un wá. Màmá mi ń fi ẹní kékeré kan kún un. Bó bá jẹ́ ẹfọ̀n lo fẹ́, tètè wí kí n tó padà sí Àjàṣẹ́. Màmá mi ti ní àwọn á gba ẹja.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́.