Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: À Ń Lọ sí Holly Oaks

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, à ń gbé ọkọ̀ wa lọ sí Holly Oaks, ọgbà tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbágungbàgun tí kò ní títì, ní Oakland County, ìpínlẹ̀ Michigan. Ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀ ni. Ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn. Inú mi dùn gan-an pé ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ kanlẹ̀ tún wúlò fún tẹrú tọmọ.

Ẹ mú ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ ń fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ àti àṣíborí dání. Ẹ má gbàgbé àsíá aláwọ̀ ọsàn tó máa ga sókè lórí ọkọ̀: bí ẹ bá ń gun òkè yanrìn, òun lẹni tó ń bọ̀ lódìkejì máa kọ́kọ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò bá ní i kò ní wọlé pẹ̀lú wa. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ó gbéra.