Àbẹ̀kẹ́, Ọ̀rọ̀ Ìyá Alákàrà Rèé

Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Màmá ẹ wà dáadáa o, orúnkún nìkan ni wọ́n ń ráhùn sí. Mo bá wọn ra òróró ìpara ní Sátidé, wọ́n sì ní kí n jẹ àmàlà kí n tó lọ. Owó mọ́tò báyìí? Ẹnu ò gbà á sọ.

O mọ̀ pé mi ò fi ìwàásù òwúrọ̀ sílẹ̀. Aago márùn-ún géérégé, mo ti wà ní ìkòríta, èmi àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a jọ rà, èyí tí o fi tépù lẹ̀ létí. Bí bátìrì ẹ̀ bá ti fẹ́ kú, á máa ké bí ewúrẹ́. Tọkàntọkàn ni mo sì ń ṣe é, Ọlọ́run mọ̀.

Lóṣù tó kọjá, Ìyá Alákàrà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀wà lílọ̀ ti kùn wọ́n lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. "Àǹtí oníwàásù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Wọ́n ní eegun máa ń ro ọmọkùnrin àwọn mọ́jú, èyí tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí oorun bá fi máa gbé e lọ, aago mẹ́rin ti lù. Èmi ni mo sì ń jí i. Wọn ò ní kí n má wàásù o. Wọ́n kàn ní ṣé mi ò lè sún sí ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ilé epo.

Ṣé o mọ èsì tí mo fọ̀? Mo ní Sátánì máa ń gba ẹnu èèyàn sọ̀rọ̀. Sí abiyamọ! Wọ́n ní "Ó dáa," wọ́n padà sídìí agbada wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣì fi ènì sí àkàrà mi.

Ni mo bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pé kí Ọlọ́run bá àwọn alátakò wí. Ọjọ́ tí mo máa ṣínu gan-an ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé bọ́ sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Àpólò: ó mọ Ìwé Mímọ́, iná ẹ̀mí ń jó nínú ẹ̀, àmọ́ ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Ákúílà àti Pírísílà, àwọn tó ń pàgọ́ tà, ló mú un mọ́ra tí wọ́n là á yé e. Ọmọdé kan bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ó bínú sí wọn?" Bíbélì ò sọ. Ọ̀fun mi gbẹ. Àbẹ̀kẹ́, ààwẹ̀ mi gbà: Ọlọ́run bá alátakò wí, èmi sì ni.

Mo ti lọ tọrọ àforíjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Alhamdulillah." Ilé epo ni mo ń dúró sí báyìí, ní aago mẹ́fà, níbi tí àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń bú mi. Ọmọ náà juwọ́ sí mi lánàá.

Àwọn kan ní ìjọ ti ń sọ pé mo ń jó rẹ̀yìn. Ìyẹn ló ń gba oorun lójú mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí Olúwa ń tọ́ mi sọ́nà, àti ìgbà tó jẹ́ pé ó kàn rẹ̀ mí ni? Láràárọ̀ ni mò ń bẹ̀ Ẹ́ pé kó má jáwọ́ lọ́rọ̀ mi.

Ọjọ́ tí mo sìn ẹ́ dé Ìwó Road, o ní ọ̀rọ̀ kan wà tí o fẹ́ bá mi sọ. Mo já a gbà lẹ́nu ẹ, mo ní kí o ṣọ́ra kí ayé òkè òkun má gbé ẹ lọ. O dákẹ́, o gbé báàgì ẹ. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ parí. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà o, má pè mí lórí fóònù, torí màá tún já a gbà.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́