Ta ló ń lé wọn?

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Dáyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Òkun o! Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Ọyẹ́ ti ń lọ níbí, eruku rẹ̀ ló kù.

Mo gbé fídíò tí o fi ránṣẹ́ lọ han Màmá. Wọ́n wo àwọn ọmọ tó wọ aṣọ fúnpinpin, tí wọ́n di ọ̀pá méjì méjì mú, tí wọ́n ń fi ski, ohun pẹlẹbẹ gígùn méjì tí wọ́n dè mọ́ bàtà, gun òkè yìnyín, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá bi mí pé, “Ta ló ń lé wọn?” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gún ọ̀pá mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ẹni tó bá ti gúnyán rí á mọ̀ ọ́n ṣe. Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn àti ikùn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe apá nìkan.

Ọ̀rọ̀ ìda tí ẹ ń fi pa abẹ́ ski ni ò yé wọn. Mo ní èyí tó ń lẹ̀ ni ẹ ń fi sí abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí ski lè di yìnyín mú tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́; èyí tó ń yọ̀ ni ti iwájú àti ẹ̀yìn. Bí òtútù bá sì yí padà, ìda àárọ̀ lè máa fà yín sẹ́yìn lórí òkè. Wọ́n ní, “Ṣé ohun tí a ń san owó iléèwé fún nìyẹn?” Mi ò dá sí ìyẹn o.

O ní o fẹ́ fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ torí pé kóòṣì ò mú ọ. Fara balẹ̀ jàre. Ọkùnrin mẹ́ta péré ni iléèwé kan lè mú lọ sí ìdíje NCAA, ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fún eré yín, àwọn tí ẹ sì jọ ń du àyè náà ti wọ ski kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Òkè kọ́ ni ìṣòro rẹ, ìwọ tí o ń ru iṣu gun òkè bọ̀ láti oko. Bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lọ lórí ẹsẹ̀ kan láìmì ló kù, ìyẹn ò sì ṣeé fagbára gbà.

Má fi ara rẹ wé Samuel Ikpefan tó ṣojú Nàìjíríà nínú eré yìí ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing ní 2022. Ilẹ̀ Faransé ló dàgbà sí. Philip Boit ará Kenya ni kí o wò. Eré ẹsẹ̀ ló ń sá kó tó kọ́ ski. Ó gbẹ́yìn ní Òlíńpíìkì ti Nagano ní Japan ní 1998, Bjørn Dæhlie tó gba góòlù sì dúró dè é kó lè dì mọ́ ọn. Gbogbo ayé ló ń sọ ti dídìmọ́ yẹn. Èyí tó wù mí ni pé ó tún padà lọ ní 2002 àti 2006.

Ski onítáyà tí o fẹ́ gbé bọ̀ ní Júláì, fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìlọrin tí o mọ̀ yìí, mọ́tò gan-an ń wá ibi tí yóò gbà. Ọ̀pá nìkan ni kí o mú bọ̀, méjì-méjì fún èmi náà, ká jọ máa fi gun òkè láàárọ̀.

Màmá ní ṣé o ń jẹun. Tètè dá wọn lóhùn.

Èmi ni,
Ṣọlá