Ẹ má di ẹ̀bi jẹjẹrẹ ọmú ru epo pupa

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp níbí ní Ọ̀fà pé epo pupa ló ń fa jẹjẹrẹ ọmú, kí obìnrin máa lo òróró nìkan. Àwọn elépo ọjà Owódé ti ń jìyà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 48,000 jọ, àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, wọ́n ní kí apá kan dín ọ̀rá oúnjẹ kù. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ: jẹjẹrẹ ọmú fi díẹ̀ dín lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ ìyàtọ̀ náà ò tó gbára lé. Ti oríṣi ọ̀rá ńkọ́? Nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó ń dì bíi ti ẹran. Ìyókù kò yàtọ̀ sí tinú epo ólífì àti òróró. Àwọn ìwádìí kan fura sí ọ̀rá dídì yìí, àwọn mìíràn ò rí nǹkan kan. Ẹjọ́ táwọn ẹlẹ́rìí ń ta ko ara wọn báyìí, ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ọ̀rá tó yẹ ká bẹ̀rù ni èyí tí à ń gbé kiri lára. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró, inú rẹ̀ lara ti ń ṣe estrogen, èròjà inú ara tó ń mú ara obìnrin ṣe bí ti obìnrin, èyí tí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú fi ń dàgbà. Epo yòówù kó jẹ́, bó bá ti léfòó lórí ọbẹ̀ lójoojúmọ́, ara á sanra. Ọtí náà wà lára ohun tó ń dá kún ewu jẹjẹrẹ ọmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn lóde ìnáwó.

Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyí: obìnrin kan ládùúgbò wa rí kókó lọ́mú, kò dùn ún, ó ní kò lè jẹ́ nǹkan burúkú torí òun ti fi epo pupa sílẹ̀. Òrí ló ń fi pa á. Ìgbà tó máa fi hàn mí, awọ ibẹ̀ ti sún kì, orí ọmú ti wọlé. Bẹ́ẹ̀, kókó jẹjẹrẹ kì í sáábà dunni níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àwọn àmì náà jáde gàdàgbà: kókó lọ́mú tàbí lábíyá, awọ tó sún kì, orí ọmú tó wọlé tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Èmi fúnra mi yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsọ̀ àwọn elépo.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.