Eku ni wọ́n fún labẹ́rẹ́ o, kì í ṣe arúgbó

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ilẹ̀ Benin níbí ni mo ti ń kọ̀wé yìí, inú sì ń bí mi díẹ̀. Ìròyìn tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹ́ ẹ kọ gàdàgbà sórí ẹ̀ pé oògùn tó ń sọ arúgbó dọmọdé ti dé, ìyá mi ní kí n kà á fóun lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ṣe kà á tán báyìí ló ní òun ò lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí nọ́ọ̀sì ní kóun wá gbà mọ́, òun á dúró de tòyìnbó yẹn. Ẹni ọdún 71 o!

Eku ni, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣe iṣẹ́ yẹn, Irving Weissman ti Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà àti Kim Hasenkrug pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, eku tó ti tó oṣù 18 sí 24 ni wọ́n lò, 2024 ló jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Egungun màlúù ni ìyá mi ń gbá mọ́ etí abọ́ lọ́wọ́ kí mùdùnmúdùn ẹ̀ lè jáde, mo ní Màámi, inú ibẹ̀ yẹn gan-an làwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ń gbé. Tá a bá ṣì kéré, wọ́n ń bí àwọn tó máa ń dá àrùn mọ̀ tí wọn ò ní gbàgbé ẹ̀, wọ́n tún ń bí àwọn tó máa ń sáré bo ojú egbò tára á fi wú, wọ́n ń bí méjèèjì déédéé. Tá a bá dàgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tó fẹ́ràn bíbí oríṣi kejì á wá pọ̀ jù, àwọn tó ń rántí àrùn á dín kù, ìyẹn wà lára ohun tí àjẹsára kì í fi í mú lára àgbà bíi tọmọdé. Abẹ́rẹ́ àwọn Weissman ló dín àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá aṣègbè yìí kù lára eku. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ fò nìyí: àwọn eku yẹn pàápàá, wọ́n ṣì fún wọn ní àjẹsára kí wọ́n tó kó fáírọ́ọ̀sì bá wọn! Ńṣe ni abẹ́rẹ́ yẹn jẹ́ kí àjẹsára rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ìyá mi fa mùdùnmúdùn ẹ̀ mu tán, ó ní ṣé eku ló sọ fún wọn pé ara òun ti yá ni?

Ẹ ṣáà bá wa tún un kọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà bíi tàkọ́kọ́, torí ẹnì kan ti gé àkọlé yín mọ́ ara ìgò àgbo lẹ́bàá Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, 1,500 sẹ́fà ló ń tà á.

Èmi òǹkàwé yín, Kétu